Òjìji ló ń sọ ibi tí pépà wà: bí a ṣe ń ya pépà tó jọ pépà nínú Inkscape àti Illustrator

Ẹ ya onígun mẹ́rin funfun kan sójú Inkscape, sọ́fítíwia tí a fi ń yàwòrán bíi Illustrator, ẹ lọ sí Drop Shadow, èyí tó ń fi òjìji sábẹ́ nǹkan, kí ẹ gba iye tí ẹ bá bá níbẹ̀. Ohun tó máa jáde kì í sábà jọ pépà tó wà lórí tábìlì. Ó máa ń jọ pátákó tí wọ́n so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó ń wò ó ò sì ní lè sọ pàtó ohun tó ṣe é. Òjìji yẹn ló ń purọ́. Nǹkan mẹ́ta ni òjìji máa ń sọ fún ojú: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, bí orísun ìmọ́lẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó, àti bí pépà ṣe ga tó sí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pinnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó ṣí sọ́fítíwia, á kàn máa fa bọ́tìnnì síwá sẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi ṣú ni.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tì ná. Ẹ tẹ́ ewé pépà kan sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, kí ẹ fi ìka gbé etí kan sókè díẹ̀díẹ̀. Níbi tí pépà ti kan tábìlì, òjìji rẹ̀ tín-ín-rín, ó dúdú, etí rẹ̀ sì mú bí ìlà bírò. Bí etí tí ẹ gbé ṣe ń ga sí i, òjìji ibẹ̀ ń sún jìnnà, ó ń fẹ̀, ó ń ṣá, etí rẹ̀ sì ń di bàìbàì. Ìrìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lọ ni. Òjìji tó sún jìnnà tí etí rẹ̀ ṣì mú ṣáká, abẹ́ oòrùn tàbí abẹ́ gílóòbù kékeré la ti ń rí i.

Ìdí rẹ̀ kò le. Fèrèsé fẹ̀. Létí òjìji, apá kan fèrèsé ṣì ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, pépà sì ti dí apá kejì. Ìyẹn ni ibi tó bàìbàì. Ẹ lè ṣírò ìbú rẹ̀: ẹ fi ìbú ìmọ́lẹ̀ sọ iye tí pépà fi ga sókè di púpọ̀, kí ẹ wá fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe jìnnà tó pín in. Fèrèsé tó fẹ̀ ní mítà 1, tó wà ní mítà 2 síbi tábìlì, tí pépà sì ga sókè ní sẹ̀ǹtímítà 1: ibi bàìbàì yẹn á fẹ̀ tó mìlímítà 5. Ti oòrùn yàtọ̀ pátápátá. Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà, ìbú rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.39 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú 108. Pépà kan náà, ní gíga kan náà, kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ lábẹ́ oòrùn. Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè iye tó yẹ kí ẹ fi Blur, ìyẹn bí etí ṣe máa bàìbàì tó, sí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá inú ilé ni àwòrán yín wà tàbí ìta gbangba.

Tí a bá fẹ́ sọ ìṣirò yìí di iye tí sọ́fítíwia gbọ́: Blur inú SVG, tí í ṣe irú fáìlì tí Inkscape ń lò, ń gba iye kan tí wọ́n ń pè ní Standard Deviation. Ibi tó bàìbàì tí ojú lè rí máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin iye yẹn. Mìlímítà 5 tí a ṣírò níbi fèrèsé, ẹ pín in sí mẹ́rin, ó di 1.25. Lórí pátákó tó jẹ́ píksẹ́lì 96 sí ínǹṣì kan, mìlímítà 1 jẹ́ píksẹ́lì 3.78, nítorí náà ẹ máa kọ nǹkan bíi 4.7.

Inkscape ní pàkúté kékeré kan níbí. Blur tó wà nísàlẹ̀ pátákó Fill and Stroke, tí Ctrl+Shift+F ń ṣí, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kà, ìwọ̀n ohun tí ẹ mú ló sì fi ń ṣe ìdá náà. Tí ẹ bá fún pépà kékeré ní 3%, tí ẹ fún ńlá ní 3%, òjìji ti ńlá á bàìbàì ju ti kékeré lọ. Ojú á wá kà á sí pé kékeré sùn sílẹ̀, ńlá sì ń fò, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì kan náà lẹ tẹ́ méjèèjì sí. Bí pépà bá ju ẹyọ kan lọ nínú àwòrán, ẹ lọ sí Filters, ẹ ṣí Filter Editor, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ Standard Deviation kan náà fún gbogbo wọn.

Òjìji méjì, kì í ṣe ẹyọ kan

Pépà tó sùn sílẹ̀ ní òjìji méjì lábẹ́ ara wọn: èyí tó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tó tín-ín-rín tó sì dúdú, àti èyí tó fẹ̀, tó ṣá, tó ń ti inú yàrá wá. Drop Shadow kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Tí ẹ bá jẹ́ kó dúdú, á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá jẹ́ kó ṣá, ẹsẹ̀ pépà á kúrò nílẹ̀.

Ẹ ya onígun mẹ́rin tó jẹ́ píksẹ́lì 400 ní ìbú àti 300 ní gíga. Ẹ má fún un ní ìlà etí rárá. Àwọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ funfun gbáà. #FBF8F1 dára, nítorí pé ó jẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ta á. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi àwọ̀ tábìlì, ká ní #C9B79C. Ẹ mú pépà, ẹ tẹ Ctrl+D kí ẹ̀dà rẹ̀ jáde, ẹ wá tẹ Page Down kí ẹ̀dà náà bọ́ sábẹ́. Ìyẹn ni òjìji àkọ́kọ́; ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ di dúdú. Ẹ fi 1 kún iye tó wà nínú àpótí X lókè, ẹ fi 1 kún ti Y, ẹ fún un ní Standard Deviation 1 àti Opacity (bí àwọ̀ ṣe máa hàn tó) 35%. Ẹ tún ṣe ẹ̀dà pépà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tì í lọ sísàlẹ̀ méjèèjì: àwọ̀ dúdú, X lé 6, Y lé 9, Standard Deviation 10, Opacity 18%. Ibi tí méjèèjì bá ti gun ara wọn máa dúdú tó nǹkan bíi 47%, kì í ṣe 53%, torí pé ohun tí òjìji àkọ́kọ́ ṣẹ́ kù ni èkejì ń bù nínú rẹ̀. Bí pépà ṣe ń ga sókè nínú àwòrán yín, òjìji tín-ín-rín yẹn ni kó máa kú díẹ̀díẹ̀. Pépà tó ń fò kò ní in rárá.

Lórí Illustrator, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni Effect, Stylize, Drop Shadow. Ohun tó ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni Multiply (ọ̀nà ìdàpọ̀ àwọ̀ tó máa ń mú ohun tó wà lábẹ́ ṣókùnkùn), Opacity 75%, X 7 pt, Y 7 pt, Blur 5 pt. Ẹ wo ìtumọ̀ ìyẹn: òjìji sún tó nǹkan bíi mìlímítà 3.5, etí rẹ̀ mú, ó sì dúdú kirimú. Ibi tí àwọn àwòrán tó ń jọ iṣẹ́ ìwé ìkésíni àtijọ́ ti ń wá nìyẹn. Ẹ mú un wá sí 1 pt, 1 pt, Blur 1 pt, 35%. Ẹ wá fi èkejì kún un láti pátákó Appearance. Sọ́fítíwia á sọ pé irú rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ní kó fi tuntun sí i.

Ìkùukùu tó ń jọ òjìji

Àṣìṣe àwọ̀ kan wà tó yẹ ká tú wò dáadáa, torí ó ń dà ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú láìmọ orísun rẹ̀. Ẹni kan gbọ́ pé dúdú gbáà ò dára fún òjìji, ló bá mú àwọ̀ eérú #808080, ó fi í sí Opacity 50%. Lórí ilẹ̀ funfun, ó lọ bẹ́ẹ̀. Ó wá gbé pépà lọ sórí tábìlì igi dúdú, #3B2A1E. Pupa inú àwọ̀ tábìlì yẹn jẹ́ 59 nínú 255, ti eérú jẹ́ 128; ìdajì ìdajì, ó di nǹkan bíi 94. Abẹ́ pépà ti wá mọ́lẹ̀ ju tábìlì fúnra rẹ̀ lọ! Ohun tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe òjìji mọ́, ìkùukùu ni. Tó bá jẹ́ pé ó yí Blend mode láti Normal sí Multiply ni, 59 yẹn ì bá di nǹkan bíi 44, ó ṣókùnkùn bó ṣe yẹ kó rí, nítorí pé Multiply kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan mọ́lẹ̀.

Dúdú gbáà kò ní ìṣòro yìí. Normal àti Multiply kò yàtọ̀ fún un. Ohun tó ṣe é ni pé òjìji gidi máa ń gba díẹ̀ lára àwọ̀ ibi tó bọ́ sí. Lórí tábìlì búráùn, #3A2A18 pẹ̀lú Multiply á dùn ún wò ju dúdú lọ. Lábẹ́ ojú ọ̀run gbangba, ẹ jẹ́ kó fì sí búlúù díẹ̀.

Igun tó gbé sókè

Èyí ni gbogbo èèyàn ń béèrè: pépà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká sókè ní igun méjèèjì, tí àárín rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Pépà gan-an kò ní yí padà, torí pé òkè tààrà la ti ń wò ó. Òjìji nìkan lẹ máa tẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà pépà, ẹ tẹ Ctrl+Shift+C kó di ìlà tó ṣeé tẹ̀, ẹ wá tẹ N kí ẹ mú irinṣẹ́ tí a fi ń fa kókó ìlà. Ẹ fa igun ìsàlẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ ní nǹkan bíi píksẹ́lì 8, lẹ́yìn náà ẹ di àárín ìlà ìsàlẹ̀ mú kí ẹ fà á sókè títí tó fi wọ abẹ́ pépà. Ìlà á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Àwọ̀ dúdú, Standard Deviation 5, Opacity 40%, ẹ gbé e sábẹ́, ó parí.

Kò tíì parí ṣá. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti òkè lápá òsì bọ̀, òjìji igun ọ̀tún gbọ́dọ̀ gùn ju ti òsì lọ. Àwọn tó ń ṣe méjèèjì ní ọgbọọgba ti gbé ìmọ́lẹ̀ ka orí pépà gan-an láìmọ̀, nígbà tí òjìji àwọn nǹkan yòókù nínú àwòrán kan náà ń sọ pé òsì ni. Ẹ tún fi Gradient (àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ara pépà níbi igun náà, kó ṣókùnkùn ní 4% tàbí 5% níbi tó ti ń yí kúrò lójú ìmọ́lẹ̀. Bí kò bá sí i, òjìji ti ká ṣùgbọ́n pépà ṣì tẹ́jú bí gíláàsì.

Igun tí a ṣẹ́ po

Pépà kì í gùn sí i tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n gé kúrò ní igun gbọ́dọ̀ bá ohun tó ṣẹ́ wá sínú dọ́gba, bí ojú àti àwòjíìjí. Ẹ ya onígun mẹ́rin 60 sí 60 sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún pépà gẹ́lẹ́, ẹ tẹ Ctrl+Shift+C, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan. Nínú àkọ́kọ́, ẹ fi irinṣẹ́ N mú kókó òkè lápá òsì, ẹ pa á rẹ́ pẹ̀lú Ctrl+Delete. Onígun mẹ́ta tó ṣẹ́ kù ni ẹ máa fi gé pépà. Nínú ẹ̀dà, kókó ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni ẹ máa pa rẹ́. Onígun mẹ́ta yìí ni ẹ̀yìn pépà tó ṣẹ́ wá sókè. Delete lásán máa ń gbìyànjú láti dá ìrísí àtijọ́ sí, ó sì lè jẹ́ kí ìlà tẹ̀. Bó bá tẹ̀, ẹ mú kókó méjèèjì kí ẹ tẹ Shift+L. Ẹ mú pépà àti onígun mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, ẹ tẹ Ctrl àti àmì ìyọkúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ṣe òjìji. Tí ẹ bá ti ṣe é tẹ́lẹ̀, igun tí kò sí mọ́ á ṣì ní òjìji nílẹ̀.

Ẹ̀yìn pépà yẹn, ẹ fún un ní Gradient: kó ṣókùnkùn díẹ̀ lójú ibi tó ti ṣẹ́, kó máa mọ́lẹ̀ bọ̀ wá síbi ṣóńṣó. Lórí òjìji rẹ̀ ni mo ti máa ń bá ọ̀pọ̀ àlàyé jà. Wọ́n á fi òjìji ńlá sí apá òkè òsì igun tó ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òkè òsì ni ìmọ́lẹ̀ wọn ti ń bọ̀. Òjìji kì í rìn padà lọ bá ìmọ́lẹ̀. Abẹ́ igun náà ló máa sá sí, a ò ní rí i. Píksẹ́lì kan tàbí méjì ní 15%, kó fi hàn pé nǹkan lé orí nǹkan, ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ òjìji tó hàn níbẹ̀, kó ṣẹ́ igun òkè lápá òsì dípò rẹ̀.

Ara pépà

Pépà ní hóró. Nínú Filter Editor, ẹ to nǹkan mẹ́rin tẹ̀léra. Turbulence ṣíwájú, irú rẹ̀ Fractal Noise, Base Frequency 0.4, Octaves 5. Ìṣirò Ken Perlin, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó gba àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ fíìmù ti Academy, àwọn tó ń fúnni ní Oscar, fún ní 1997. Diffuse Lighting tẹ̀ lé e, ó ń ka Turbulence bí òkè àti kòtò, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i: ẹ mú Distant Light, Elevation (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ga tó ní digirì) 60. Composite ló kàn, ẹ fi sí In pẹ̀lú Source Alpha, torí láìsí i hóró á ṣàn kọjá etí pépà. Ìgbẹ̀yìn ni Blend, Multiply, pẹ̀lú Source Graphic.

Ibi mẹ́ta ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Base Frequency 0.04 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà kọ túmọ̀ sí pé wúlé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píksẹ́lì 25; lórí pépà tó fẹ̀ ní 400, ó jọ ogiri tí wọ́n rẹ́ láìdán. Azimuth, ìyẹn ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ni èkejì: nínú SVG, Y ń lọ sísàlẹ̀, nítorí náà 45 kì í ṣe òkè, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni. Ìmọ́lẹ̀ láti òkè òsì ń gba 225. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ ní 45, òjìji pépà á lọ sọ́tùn-ún, òjìji hóró á lọ sósì, wúlé á dà bíi kòtò. Ẹ̀kẹta, ní Elevation 60, ibi pẹrẹsẹ gba 0.87 péré nínú ìmọ́lẹ̀, gbogbo pépà á sì ṣókùnkùn. Ẹ gbé iye Diffuse, tó wà ní 1, lọ sí 1.15, ó tán. Surface Scale, ìyẹn bí hóró ṣe ga tó, kò gbọdọ̀ ju 1 lọ fún pépà ìkọ̀wé.

Etí tó fàya àti ihò tí a gé

Pépà tó fàya ní awọ àti inú. Awọ ni àwọ̀ tàbí títẹ̀ tó wà lójú rẹ̀. Inú ni fọ́nrán funfun tó yọ síta. Ìrísí méjì ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ máa jẹ́ kí etí wọn já: funfun lábẹ́, àwọ̀ lókè, kí funfun yọ ní píksẹ́lì 1 níbì kan, 4 níbòmíràn. Roughen wà nínú Path Effects fún Inkscape, ó sì wà lábẹ́ Distort & Transform nínú Illustrator, ṣùgbọ́n ó máa ń já gbogbo etí bákan náà; ẹ fọwọ́ tún un ṣe. Tí ẹ bá ya pépà kan sí méjì, ọ̀kan nínú wọn ni kí funfun yìí hàn lára rẹ̀ jù.

Fún iṣẹ́ pépà onípele tí wọ́n gé ihò sí, ẹ má wá òjìji inú. Ẹ gé ihò náà gan-an pẹ̀lú Difference (Ctrl àti àmì ìyọkúrò tí a lò lókè), kí pépà òkè di férémù, ẹ wá fún férémù náà ní òjìji lásán. Á bọ́ sórí pépà ìsàlẹ̀ láti inú ihò fúnra rẹ̀. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan ga bákan náà, kí òjìji wọn náà dọ́gba.

Kí ẹ tó gbé e jáde

Nínú Inkscape, bí ẹ bá yí pépà tó ní Drop Shadow po, òjìji á bá a yí, torí inú ìdiwọ̀n pépà ni filter, ohun tó ń ṣe Blur àti Drop Shadow, ń ṣiṣẹ́. Pépà mẹ́ta tí ẹ fọ́n káàkiri tábìlì á wá ní oòrùn mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ fi Ctrl+G kó pépà náà sínú ẹgbẹ́, ẹ fi òjìji sára ẹgbẹ́, kí ẹ wá wọ inú rẹ̀ lọ yí pépà nìkan.

Níbi tí wọn kò bá ti gba filter rárá, Gradient ló kù. Ẹ má jẹ́ kó lọ tààrà láti 40% dé 0. Ojú á rí ìlà níbi tó parí sí, ohun tí Ernst Mach, onímọ̀ físíìsì, ti ṣàpèjúwe láti 1865. Ẹ fi ìdúró (Stop) sí àárín: 40% níbẹ̀rẹ̀, 22% ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, 8% ní ìdá 60, kó tó di 0.

PDF ń sọ filter di àwòrán alápíksẹ́lì. Inkscape ń gbé 96 dpi (píksẹ́lì nínú ínǹṣì kan) kalẹ̀ fún un, òjìji á sì jáde wúruwùru lórí ìwé títẹ̀. Ẹ yí i sí 300. Tí ẹ bá yọ àmì kúrò níwájú Rasterize filter effects, gbogbo Blur àti Drop Shadow á lọ pátá. Nínú Illustrator, Document Raster Effects Settings ni kí ẹ wò.

Bí òjìji bá já gérégé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ààyè filter ló há. SVG ń fún un ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 100 ní 10 láti lò, bẹ́ẹ̀ Standard Deviation 10 nílò nǹkan bíi 30. Nínú Filter General Settings, ẹ kọ -0.5 sí Coordinates méjèèjì, kí ẹ kọ 2 sí Dimensions.